Ẹ̀rí àti Ìwàásù: Ìgbàgbọ́ Kristẹni nínú Ìrírí Ojoojúmọ́ gẹ́gẹ́ bí Ó Ṣe Hàn nínú Ìtàn Sẹ̀gilọlá àti Ìwé Fágúnwà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀nà tí ìgbàgbọ́ Kristẹni gbà wọ inú ìtàn àròsọ Yorùbá. Iṣẹ́ méjì ni a gbé lé òṣùwọ̀n: àwọn lẹ́tà Sẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàrin 1929 sí 1930, àti Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, èyí tí ó jáde ní 1938. Èrò wa ni pé ohùn méjì ni ìgbàgbọ́ fi ń sọ̀rọ̀ nínú lítíréṣọ̀ wa, ohùn ẹ̀rí àti ohùn ìwàásù. Inú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn ni ẹ̀rí ti ń bẹ̀rẹ̀. Inú ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe ni ìwàásù ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó tọ́ka sí i pé ohùn kejì nìkan ni a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti gbọ́.

Ìfáárà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá ní ọjọ́ ìsinmi mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni etí tí ìjọ fi ń gbọ́ ìwàásù, ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ ẹ̀rí. Bí ìwàásù bá ń lọ, ẹlòmíràn lè tòògbé, kí ẹni tí ó jókòó tì í máa fi ìgbúnwọ́ jí i. Ṣùgbọ́n bí ìyá ẹlẹ́pà bá dìde, tí ó ní ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó kọjá òun ń ti ọjà bọ̀, òjò ti ṣú, gbogbo owó tí òun fẹ́ fi san gbèsè alágbàtà wà nínú tòbí òun, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì kù ní ibùdókọ̀, ojú gbogbo ènìyàn á là. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn á na ọrùn. Wọ́n fẹ́ mọ iye owó náà. Wọ́n fẹ́ mọ irú ojú tí awakọ̀ ní. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ìyá yìí ní ọgbọ́n ìsọ̀tàn, síbẹ̀ ó mọ̀ pé bí òun kò bá dárúkọ ọjọ́, ibi, owó àti òjò, kò sí ẹni tí yóò gbà pé Ọlọ́run wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí oríkì, ìjálá, ẹsẹ Ifá, ẹkún ìyàwó àti àlọ́. A kò tíì ka ẹ̀rí mọ́ wọn tó bí ó ti yẹ, bóyá nítorí pé ilé ìjọsìn ni ó ń gbé, tí a sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníwàásù ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí ní ìbẹ̀rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ó ní ibi tí àwọn olùgbọ́ ti ń dá sí i, ó ní ibi tí ohùn ti ń lọ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó yí padà, orin ni a sì fi ń gbà á. Ohun tí a fi ń dá ẹ̀yà lítíréṣọ̀ mọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ Méjì, Orírun Méjì

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo àwọn ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn. Kí ẹ̀sìn Kristẹni tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni ẹ̀rí ti wà. Níwájú baálé, níwájú ìjòyè, níwájú ọba tí ó ń parí ìjà ni a ti ń jẹ́ ẹ, ẹni tí ọ̀rọ̀ sì ṣojú rẹ̀ nìkan ni ẹnu rẹ̀ tọ́ sí i. Àwọn onífá ń pe Ọ̀rúnmìlà ní Ẹlẹ́rìí Ìpín nítorí ìgbàgbọ́ wọn pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀dá ń yan ìpín rẹ̀. Ìmọ̀ tí ó wà nínú ẹ̀rí jẹ́ ìmọ̀ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń pe ohun tí ó ń bá ènìyàn wí nínú lọ́hùn-ún ní ẹ̀rí ọkàn: ó wà níbẹ̀ nígbà tí a ṣe é.

Ti ìwàásù yàtọ̀. Láti èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, gẹ́gẹ́ bí àlùfáà àti àdúrà. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìtumọ̀ Bíbélì, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, wọn kò kọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ nítorí pé ẹlẹ́sìn mìíràn ni ó ń lò wọ́n. Wọ́n mú èyí tí àwọn ènìyàn ti gbọ́ yé tẹ́lẹ̀. A kò fẹ́ fi orírun ọ̀rọ̀ dá ẹjọ́ fún lítíréṣọ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó ń wàásù kò nílò kí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀. Ó lè wàásù nípa olè jíjà láìjalè rí, kí ìwàásù náà sì dára. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́rìí kò ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀.

Àkọsílẹ̀ ìgbàgbọ́ nínú ohun ojoojúmọ́ kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn àròsọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ CMS, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, máa ń kọ ìròyìn ohun tí ojú wọn rí lójoojúmọ́ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù: ẹni tí wọ́n bá pàdé lójà, ọ̀rọ̀ tí onífá kan bá wọn sọ, ọmọ tí ó kú. Irú àkọsílẹ̀ yìí ni J. D. Y. Peel lò nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2000 lórí bí ẹ̀sìn Kristẹni àti Yorùbá ṣe pàdé. Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 náà gbé ọ̀rọ̀ ìjọ àti ọ̀rọ̀ ìlú jọ sójú ewé kan. Nítorí náà, nígbà tí I. B. Thomas fi ìwé ìròyìn gbé ìjẹ́wọ́ obìnrin kan jáde ní Èkó, ilẹ̀ tí ó gbin ín sí ti gba irú èso bẹ́ẹ̀ rí.

Sẹ̀gilọlá Jẹ́wọ́

Isaac Babalọlá Thomas ni ó ni Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí ó dá sílẹ̀ ní 1928. Ní ọdún kejì rẹ̀, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú rẹ̀ láti ọwọ́ obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó ní arẹwà ni òun nígbà kan ní Èkó, pé ẹgbẹ̀rún ọkùnrin ni òun bá lò, pé àìsàn àti òṣì ni ó kù fún òun nísinsìnyí, òun sì fẹ́ sọ ìtàn ayé òun kí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lè gbọ́. Ní 1930, a kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé. Fún ìgbà pípẹ́, ìwé náà ṣọ̀wọ́n débi pé púpọ̀ nínú wa gbọ́ orúkọ rẹ̀ láìrí i. Iṣẹ́ Karin Barber, tí ó tún un gbé jáde ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ni ó mú un padà sí ọwọ́ àwọn òǹkàwé. Ó ṣì ń yà wá lẹ́nu pé àwọn ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ń sọ pé ọdún 1938 ni ìtàn àròsọ Yorùbá bẹ̀rẹ̀.

Kí ni ó mú kí lẹ́tà wọ̀nyí jẹ́ ẹ̀rí? Èkínní ni pé asọ̀tàn kò fi ara rẹ̀ sí òkè ìtàn. Òun ni ẹlẹ́ṣẹ̀, òun ni ó sì ń sọ ọ́. “Èmi” tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn àìsàn ni “èmi” kan náà tí ó ń jó lóde àríyá. Èkejì ni pé Èkó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ìlú kan lásán tí a kò dárúkọ. Èkó ni, pẹ̀lú orin tí àwọn ènìyàn ń kọ ní àkókò tí ó ń sọ, àwọn orin tí àgbàlagbà òǹkàwé Akéde Èkó yóò rántí pé òun náà kọ. Ó fi orúkọ àwọn kan pamọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ dójú ti àwọn tí ó ṣì wà láàyè. Bí a bá fi orúkọ pamọ́, a ti jẹ́ kí òǹkàwé gbà pé orúkọ wà. Ọgbọ́n ńlá ni.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù lójú wa. Èdè Bíbélì àti èdè ìwé orin mímọ́ ń jáde lẹ́nu Sẹ̀gilọlá ní àwọn ibi tí a kò retí wọn. Kò dúró di ìparí lẹ́tà kí ó tó rántí Ọlọ́run. Nínú ọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin, nípa owó, nípa ẹ̀tàn tí ó tan ọkọ, gbólóhùn tí ó ní òórùn ṣọ́ọ̀ṣì á kàn yọ jáde, òwe Yorùbá á tẹ̀ lé e, orin àríyá á tẹ̀ lé òwe. Àwọn lámèyítọ́ kan lè pe èyí ní àìtò. Lójú tiwa, bí ọkàn ọmọ Èkó tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ṣe rí nìyẹn ní ìgbà náà, ó sì lè jẹ́ bí ó ṣe rí títí di òní. Kò ní yàrá kan fún Ọlọ́run àti yàrá mìíràn fún ọjà.

A kò ní fi bò pé Thomas náà ń wàásù. Ẹ̀bẹ̀ sí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin pọ̀ jù, ó sì ń padà wá bí orin tí a kò mọ ibi tí ó parí sí. Nígbà mìíràn ó hàn pé ìwé ìròyìn ní àyè tí ó gbọ́dọ̀ kún, a sì fi ìkìlọ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ohun kan ń ba ìwàásù náà jẹ́ láti inú wá, bíbà á jẹ́ yìí ni ó sì gba ìwé náà là: Sẹ̀gilọlá ń gbádùn ìtàn rẹ̀. Bí ó bá dé ibi ẹwà rẹ̀, ibi aṣọ, ibi àríyá, ọ̀rọ̀ á gùn, á dùn, ẹ̀rín á fẹ́ yọ. Lẹ́yìn náà ni á rántí pé òun ń ronúpìwàdà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe òfíntótó lè bi í pé ìrònúpìwàdà wo nìyí. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ìdáhùn wa ni pé ẹni tí ó bá lè sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bí ohun tí kò dùn rí kò tíì sọ òtítọ́ nípa ẹ̀ṣẹ̀ náà. Adùn tí kò lè gbàgbé ni ó jẹ́ kí a mọ iye tí ohun tí ó pàdánù tó.

Ẹ̀rí Èké Ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Sẹ̀gilọlá kò sí. Ọkùnrin ni ó kọ ọ́, oníwèé-ìròyìn tí ó fẹ́ kí ìwé rẹ̀ tà. Àwọn òǹkàwé kọ lẹ́tà sí olóòtú nípa obìnrin náà bí ẹni pé ó wà láàyè, olóòtú sì jẹ́ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rí bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ṣojú rẹ̀, a jẹ́ pé èyí tí ó dára jù nínú ìtàn àròsọ wa jẹ́ ẹ̀rí èké.

A ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn, a kò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ìtàn àròsọ ni ìtàn àròsọ. Ìyẹn kò yọ Thomas kúrò nínú ẹjọ́, nítorí kò sọ fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé àròsọ ni. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni a lè sọ. Àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí ó lè ṣe ayédèrú owó tí a kì í ná. Kí Thomas tó lè farawé ìjẹ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, àwọn òǹkàwé rẹ̀ ti ní láti mọ bí ìjẹ́wọ́ tòótọ́ ṣe ń dún. Etí tí wọ́n fi dá a mọ̀ ni ohun tí lámèyítọ́ ń wá. Èkejì, ẹ̀rí ní ìwọ̀n mìíràn yàtọ̀ sí ojú tí ó rí i, ìyẹn ni ohun tí ó ná ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ. Sẹ̀gilọlá inú ìtàn kò rí nǹkan kan gbà fún ìtàn rẹ̀. Kò rí ọkọ, kò rí ìwòsàn. Ikú ni ó ń dúró dè. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé púpọ̀ nínú ẹ̀rí tí a ń gbọ́ ní òde òní, níbi tí ọkọ̀ ti dé, tí ìwé ìrìnnà ti jáde, tí ọ̀tá sì ti subú. A kò sọ pé Ọlọ́run kì í fún ènìyàn ní ọkọ̀. Ohun tí a ṣàkíyèsí ni pé àwọn ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jọ ara wọn ju bí ayé àwọn tí ń jẹ́ wọn ṣe jọra lọ, nítorí pé ibi tí ìtàn yóò parí sí ni a ti fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Fágúnwà Gun Orí Àga Ìwàásù

Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, jẹ́ olùkọ́ kí ó tó di òǹkọ̀wé, olùkọ́ ni ó sì jẹ́ nínú gbogbo ìwé rẹ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé, nínú ìwé rẹ̀ ti 1974 lórí àwọn ìtàn Fágúnwà, ti jíròrò bí ẹ̀kọ́ ṣe jẹ́ ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ fún un. A kò ní tún gbogbo rẹ̀ sọ. Ohun tí ó kàn wá ni ibi tí ìgbàgbọ́ ń gbé nínú Ògbójú Ọdẹ.

Nígbà tí àwọn ọdẹ dé Òkè Lángbòdó, a fi wọ́n sí ọ̀dọ̀ Ìràgbèje nínú ilé olójúlé méje. Ọjọ́ méje ni ó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́, ọ̀rọ̀ ìwà, ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́dàá. Èdè ibẹ̀ dára. Kò sí ibi tí èdè Fágúnwà kò ti dára. Ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ, tí olúkúlùkù wọn ní agbára àti ìṣe tirẹ̀ lójú ọ̀nà, di ọmọ ilé ìwé. Wọ́n jókòó. Ìtàn náà jókòó pẹ̀lú wọn. Ọ̀rọ̀ tí Ìràgbèje ń sọ kò ti ara ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn nínú igbó jáde.

Ẹ wá fi èyí wé ìbẹ̀rẹ̀ ìwé kan náà, níbi tí Àkàrà-oògùn ti ń sọ nípa òbí rẹ̀: ìyá tí ó jẹ́ àjẹ́, bàbá tí ó jẹ́ ọdẹ, àti ọjọ́ tí ìbọn bàbá dé ara ìyá nínú àwọ̀ ẹranko. Kò sí ìwàásù níbẹ̀ tí ó gùn. Ṣùgbọ́n ilé tí ẹ̀rù ń bẹ nínú rẹ̀, ọmọ tí kò mọ ẹni tí yóò sá tọ̀, ni òǹkàwé rí. Bí ọmọ yìí bá wá ké pe Ẹlẹ́dàá lẹ́yìn náà nígbà tí oògùn tán lọ́wọ́ rẹ̀, a mọ ìdí. Nínú Àdììtú Olódùmarè tí ó jáde ní 1961, Fágúnwà sún mọ́ ọ̀nà yìí sí i. Orúkọ òbí Àdììtú, Òbìrí-ayé àti Ìpọ́njúdìran, ti sọ bí ilé náà ṣe rí. Ebi ṣáájú àdúrà nínú ìwé náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àdúrà ibẹ̀ fi wúwo ju àwọn ẹ̀kọ́ ọjọ́ méje Òkè Lángbòdó lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀kọ́ fífi kún ìtàn kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, pé àlọ́ pàápàá ń parí pẹ̀lú ẹ̀kọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbọ́ àlọ́ lábẹ́ òṣùpá rí mọ̀ pé gbólóhùn kan ni ẹ̀kọ́ náà, lẹ́yìn tí Ìjàpá ti ṣe gbogbo ohun tí ó fẹ́ ṣe tán. Orin ni àwọn ọmọdé ń dúró dè, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ilé ìwé ni ó sọ ẹ̀kọ́ di olórí, tí ó sì sọ ìtàn di ẹrù tí ẹ̀kọ́ ń gùn.

Nínú Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́

Àwa olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Bí a bá ń ṣètò ìbéèrè lórí ìwé kíkà, “Jíròrò àwọn ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú ìtàn yìí” kì í jìnnà sí wa lọ́wọ́. Ó rọrùn láti kọ, ó sì rọrùn láti fún ní máàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ka ìwé náà rárá lè dáhùn rẹ̀ dáadáa. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ́ ẹni tí yóò di olùkọ́ lọ́la pé ibi tí ìgbàgbọ́ wà nínú ìtàn ni ibi tí a ti dárúkọ rẹ̀.

Èmi tí mo ń kọ èyí kò yọ ara mi sílẹ̀. Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì mi ní àròkọ lórí “Ọjọ́ tí N Kò Lè Gbàgbé”. Púpọ̀ nínú wọn kọ ìjàǹbá ọkọ̀ àti bí Ọlọ́run ṣe yọ wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan kọ nípa ìyá rẹ̀ tí ó ń ta ẹ̀kọ. Bàbá wà ní ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ní àràárọ̀ ni ìyá sì máa ń yọ ẹ̀kọ kan sọ́tọ̀ nínú ewé, tí yóò gbé e lọ fún un kí ó tó lọ sọ́jà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pé bàbá ti kú, ìyá ti pọ́n ẹ̀kọ náà. Kò tú ewé rẹ̀. Ó gbé e dání lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún àdúrà òwúrọ̀, ó fún ọmọ kan tí ó ń ṣagbe lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé. Nígbà tí ìjọ ń kọrin, kò kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò jókòó. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní òun dúró tì í, òun náà kò kọrin. Ibẹ̀ ni àròkọ náà parí sí.

Mo fi gègé pupa kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: “Ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ wa?” Mo sì yọ máàkì márùn-ún.

Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, n kò tíì mọ ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ mi.” Mo ní kí ó lọ rò ó dáadáa. Ní ọjọ́ kejì, ó mú ìwé náà padà wá. Ó ti fi gbólóhùn kan kún un ní ìsàlẹ̀, pé ìtàn náà kọ́ wa láti gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run ní ìgbà gbogbo. Mo dá máàkì márùn-ún rẹ̀ padà fún un.